Ta ni òwe "àlejò lójú, kò fi ríran" ń bá wí?

Ẹnì kan béèrè ìtumọ̀ òwe "àlejò lójú, kò fi ríran" lọ́wọ́ mi. Ó ní òun gbọ́ sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kan lórí rédíò níbí l'Óṣogbo tó ní àjòjì kì í rí jẹ nílùú onílùú, ìdí nìyẹn tí báńkì òkèèrè kì í fi í jèrè bí ìjọba bá tú ọjà owó sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ wọlé. Ṣé òwe ni wọ́n ń túmọ̀ ni, àbí wọ́n ń ṣépè?

Òwe yìí ò sọ pé àlejò ò ní là. Ohun tí kò rí ló ń sọ: ta ní ń san gbèsè, ta ní ń gba ẹ̀yìnkùlé sá. Iṣẹ́ báńkì gan-an sì nìyẹn. Ẹ wo àwọn òṣómàáló Ìjẹ̀ṣà tó ń ta aṣọ láwìn káàkiri. Ọ̀kan máa ń wọ̀ sílé ìyá ìyá mi. Kó tó tú ẹrù, á ti jókòó ti ìyá àgbà nídìí ìkòkò aró, á ní, "Ìyá, oníṣu yẹn ńkọ́?" Bí ìyá bá yínmú, oníṣu ò ní fojú kan aṣọ. Bí wọ́n bá ní ọmọlúàbí ni, ó di dandan kó rí aṣọ gbà. Bí ẹni tó gba aṣọ bá wá kọ̀ tí kò san án, òṣómàáló á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ títí owó á fi jáde. Ojú ìyá àgbà ló fi ń ríran. Lónìí, bóyá lọmọ tó ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò mọ ohun tó ń jẹ́ òṣómàáló.

Báńkì òkèèrè náà mọ̀ pé òun ò ríran. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá tó ti mọ̀ láti ilé. Citibank ti Amẹ́ríkà ti wà ní Nàìjíríà láti 1984, ẹ ò gbọ́ kó wá yá aláró Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun lówó. Òmíràn á wá onílé: Stanbic ti Gúúsù Áfíríkà ra báńkì tó ti wà nílẹ̀ ní 1992, ó tún dà pọ̀ mọ́ IBTC, báńkì onílé kan, ní 2007.

Ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fetí sí rèé. Ìwádìí kan tó jáde ní 2001 wo báńkì ní orílẹ̀-èdè 80, láti 1988 dé 1995. Nílẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè, báńkì àlejò ń jèrè ju ti onílé. Nílẹ̀ tó ti là, onílé ló ń jèrè jù. Témi ni pé ilé tó wọ̀ ló ń pinnu. Níbi tí onílé ò ti lówó, tí ẹ̀rọ rẹ̀ ò dá ṣáká, agbára báńkì ìyá lókè òkun á bo àìríran àlejò mọ́lẹ̀. Níbi tí onílé ti ní gbogbo rẹ̀, tó tún ríran, kí ni àlejò fẹ́ fi jù ú lọ?

Wọ́n á ní "àlejò kì í pìtàn ìlú fónílé" ńkọ́? Ti ìwà nìyẹn, kò kan èrè.

Ojú nìkan ò sì tó onílé. Lẹ́yìn SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé ọdún 1986, tí ìjọba tú èlé orí owó sílẹ̀ ní 1987 kí báńkì máa dá a fúnra wọn, báńkì onílé hù bí olú. Nígbà tó di 1998, Báńkì Àpapọ̀ ti báńkì 26 pa lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, àwọn ọ̀gá àtàwọn èèyàn wọn ni wọ́n kówó yá. Wọ́n mọ̀ pé àbúrò ò ní san án, wọ́n sì yá a.