Ẹ Bi Wá: Kí ló dé tí Perlman fi ń jókòó ta fayolín?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá wa. Mo wo fíìmù tí Alison Chernick ṣe nípa ìgbésí ayé Itzhak Perlman, gbajúgbajà tó ń ta fayolín. Àwọn tó ń dá fayolín ta níwájú ọ̀kẹ́sírà, ìdúró ni wọ́n máa ń wà, kí ló dé tí tiẹ̀ fi jẹ́ ìjókòó? Ṣé ọjọ́ orí ni?

Ìdáhùn: Rárá o. Tel Aviv ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1945, ọmọ ọdún 4 ló wà tí àrùn rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ fi mú un, àtìgbà yẹn ló ti ń fi ọ̀pá rìn, kẹ̀kẹ́ oníná ló wá ń gùn kiri báyìí, ìdí nìyẹn tó fi ń jókòó ta á. Síbẹ̀ ọmọ ọdún 13 péré ni nígbà tó ta fayolín lórí ètò tẹlifíṣọ̀n Ed Sullivan ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1958, ẹ gbà mí o! Fayolín tó ń ta báyìí, Stradivari, ọ̀gá àwọn tó ń ṣe fayolín ní Ítálì, ló ṣe é lọ́dún 1714, Yehudi Menuhin, tóun náà jẹ́ gbajúgbajà tó ń ta fayolín, ló ni ín tẹ́lẹ̀. Àmọ́ ní tèmi o, ọ̀rọ̀ Toby ìyàwó ẹ̀ ló dùn jù, torí obìnrin yẹn ló kọ́kọ́ dẹnu kọ ọ́, ó gbọ́ ọ tó ta Tzigane, orin fayolín kan tí Ravel kọ, ló bá lọ bá a lẹ́yìn ìtàgé pé kó fẹ́ òun.