Kí ló dé tí ìrora fi ń pẹ́ dé nígbà tí ọmọ bá fẹsẹ̀ kọ?

Ìbéèrè, láti ọ̀dọ̀ ìyá kan ní Manchester: Ọmọ mi ọkùnrin, tó wà lọ́dọ̀ ìyá mi ní Òkè-Fìà, Òṣogbo, fún ìsinmi, fẹsẹ̀ kọ àtẹ̀gùn, ó sì bi mí lórí fóònù pé kí ló dé tí òun ti mọ̀ pé ẹsẹ̀ òun gbá nǹkan kí ìrora tó ń jó òun tó dé. Olùkọ́ rẹ̀ ti sọ fún wọn pé àwọn sẹ́ẹ̀lì kan ń bo iṣan ìmọ̀lára bí rọ́bà ṣe ń bo wáyà. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ìyẹn ló fà á?

Ìdáhùn, láti ọ̀dọ̀ bàbá kan ní Toronto: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, mà. Ọmọ Òṣogbo ni èmi náà, mo sì mọ̀ pé àwọn àtẹ̀gùn Òkè-Fìà kì í mojú àlejò. Ìyẹn ló fà á lóòótọ́, ṣùgbọ́n rọ́bà ara wáyà kì í ní àlàfo, bẹ́ẹ̀ inú àlàfo gan-an lọ̀rọ̀ wà.

Ní ẹsẹ̀, sẹ́ẹ̀lì Schwann ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn a máa wé mọ́ ibì kan ṣoṣo lára fọ́nrán iṣan lọ́pọ̀ ìgbà, títí tí ọ̀rá tí à ń pè ní myelin yóò fi nípọn níbẹ̀. Láàárín sẹ́ẹ̀lì kan sí èkejì ni ibi tín-ínrín tí a kò bò wà, èyí tí Ranvier, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Faransé, ṣàpèjúwe. Ibẹ̀ ni sódíọ̀mù, èròjà kan tó wà nínú iyọ̀, ti ń rọ́ wọlé, tí ìròyìn fi ń fò láti àlàfo dé àlàfo dípò kí ó máa wọ́ lọ. Fọ́nrán tó gbé ìfarakàn ní myelin tó nípọn, ó sì ń sáré tó mítà 35 sí 75 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Èyí tó ń gbé ìrora tó ń jó kò ní rárá, kò sì ju ìdajì mítà sí mítà 2 lọ. Láti ọmọ ìka ẹsẹ̀ dé eegun ẹ̀yìn ọmọdé kò fi bẹ́ẹ̀ tó mítà kan, síbẹ̀ ìyàtọ̀ náà tó kí ọmọ fura.

Àwọn fọ́nrán tí kò ní myelin náà kì í ṣe aláìlálágbàtọ́, nítorí sẹ́ẹ̀lì Schwann kan lè gbá púpọ̀ nínú wọn mọ́ra. Àwọn sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí tún ń fún fọ́nrán ní oúnjẹ, bí ó bá sì já ní apá tàbí ẹsẹ̀, àwọn ló ń kó pàǹtí kúrò, tí wọ́n sì ń la ọ̀nà tí yóò gbà hù padà, ní nǹkan bíi mìlímítà 1 lójúmọ́.