Ta ló bá ìjọba ológun ṣiṣẹ́ nínú àwọn ọmọ Ransome-Kuti?

Olíkóyè ni, ẹ̀gbọ́n Fẹlá: ó di mínísítà ètò ìlera lábẹ́ Babangida ní 1985. Ìjọba yìí kan náà ló ti Bẹ́kọ̀, àbúrò wọn, mọ́lé ní 1992. Ìyá wọn, Fúnmiláyọ̀, ló ṣáájú àwọn obìnrin Ẹ̀gbá títí Aláké Adémọ́lá fi kúrò lórí ìtẹ́ ní 1949.

Nígbà tí àwọn sójà jó ilé Fẹlá l'Ékòó ní 1977, ilé ìwòsàn Bẹ́kọ̀ tó wà nínú ọgbà náà bá a jóná. Wọ́n tún ju ìyá wọn láti ojú fèrèsé.

Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ ìjọba ò já okùn ọmọ ìyá: nígbà tí Fẹlá kú ní 1997, Olíkóyè fúnra rẹ̀ ló sọ fáyé pé àrùn éèdì (AIDS) ló pa á.