Ẹ má tíì ra awò VR yẹn

Arákùnrin wa tó béèrè pé irú ẹ̀rọ wo lòun lè kó sínú ọgbà ìṣeré tóun fẹ́ ṣí, kí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ lè máa wọ́ wá síbẹ̀, ẹ kú ìnáwó o. Ẹ ní awò VR ló wà lọ́kàn yín, ìyẹn awò tí wọ́n ń dè mọ́ ojú, tí fíìmù inú ẹ̀ á sì yí èèyàn ká bíi pé ó wà níbẹ̀, pé wẹ́dà kan sì ti ṣèlérí láti bá yín rọ rólà kósítà kékeré, ọkọ̀ ìṣeré tó ń sáré gun òkè, sọ̀ kalẹ̀ lórí irin. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná. Ọ̀nà VR yẹn ni mo gbà ní ọdún márùn-ún sẹ́yìn, ojú mi rí màbo.

Awò mẹ́rin ni mo rà. Fíìmù inú wọn ò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, àmọ́ ká tó nu awò tí ọmọ kan ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́, ká tó fún okùn rẹ̀ mọ́ orí ẹlòmíì, ká tó dá àwòrán padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀, ìṣẹ́jú mẹ́rin mìíì ti lọ. Ẹ ṣírò ẹ̀: ọmọ mẹ́rin ní ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án. A kì í lè gba ọmọ 30 láàárín wákàtí kan. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé Kérésì, ọmọ tó tò síta lé ní 200. Àwọn òbí fara ya, mo dá owó padà títí ọwọ́ mi fi ṣófo. Ọmọkùnrin kan bọ́ awò tiẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sì bì. Ojú rẹ̀ ń sọ fún un pé ó ń fò lórí òkè. Omi inú etí, tó ń jẹ́ kára mọ̀ bóyá à ń lọ tàbí a dúró, ń sọ pé orí àga ló wà. Bí ojú àti etí bá ti ń já ara wọn nírọ́, inú ni wọ́n ń dà rú. Èmi ni mo gbé ọmọ náà lọ bá ìyá ẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, mo kó awò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú àpótí.

Àwọn ńlá pàápàá ti gbà á wò. Lọ́dún 2016, ọgbà ìṣeré Alton Towers ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì so awò VR mọ́ rólà kósítà wọn tó ń jẹ́ Galactica. Nígbà tó yá, wọ́n yọ awò náà kúrò, wọ́n fi kósítà sílẹ̀ kó máa sáré tiẹ̀ lọ.

Ohun tó yọ mí ni dígí. Ọgbọ́n fífi dígí mú iwin yọ ti pẹ́. Henry Dircks, ẹnjiníà ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló kọ́kọ́ ronú kàn án, John Henry Pepper, olùkọ́ sáyẹ́ǹsì, wá tún un ṣe kó lè wúlò lórí ìtàgé, ó sì fi han àwọn ará Lọ́ńdọ̀n ní ìparí ọdún 1862. Pepper's Ghost, ìyẹn iwin Pepper, ni wọ́n ń pè é títí dòní. Òun náà ni ọgbà ìṣeré Disneyland ní Kalifọ́níà fi ṣe yàrá ijó inú Haunted Mansion, ilé iwin tí wọ́n ṣí lọ́dún 1969. Iwin ń jó, iwin ń jẹun, ẹ sì ń rí àga láti inú ara wọn. Ère gidi ni wọ́n, tí wọ́n tò sókè àti sísàlẹ̀ ibi tí èrò ń gbà kọjá. Òjìji wọn nínú dígí ràgàjì kan lèrò ń rí.

Ẹ ti rí i rí nínú ọkọ̀ lálẹ́. Bí dírẹ́bà bá tan iná inú ọkọ̀, ojú ara yín lẹ̀ ń rí nínú fèrèsé. Bó bá pa á, ẹ ó rí ìta. Iná ló ń pinnu. Ẹ gbé dígí dúró láàárín èrò àti ìtàgé, kó dagun ní dígíríì 45. Ohun tó máa fara hàn, ẹ fi pamọ́ sí ẹ̀gbẹ́ níbi tójú èrò ò lè dé, kí ẹ fi aṣọ dúdú bo gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀. Bí iná bá ti rọra ń tàn sí i, á máa yọ lórí ìtàgé bí ẹni ń jí lójú oorun. Bó ṣe jìnnà sí dígí níbi ìpamọ́ náà ló ṣe máa jìnnà sí i lójú èrò. Ibẹ̀ ni mo ti ṣìnà: Ìjàpá inú eré mi yẹ kó yọ látẹnu ìkòkò, ó wá ń yọ lẹ́yìn ìkòkò ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà kan. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń sún un síwá sẹ́yìn kí n tó ronú láti fi tépù wọ̀n ọ́n.

Nígbà tó bọ́ sí i, àwọn ọmọ pa lọ́lọ́. Ọmọbìnrin kan níwájú na ọwọ́, ó bi olùkọ́ ẹ̀ pé, "Àǹtí, ṣé èéfín ni?" Mo ṣì ń gbọ́ ohùn ẹ̀. Ọmọ 25 ń wọlé lẹ́ẹ̀kan, ìṣẹ́jú 10 ni pẹ̀lú wíwọlé àti jíjáde, ìyẹn ọmọ 150 ní wákàtí kan, kò sì sẹ́ni tó bì. Bí eré bá parí, mo máa ń tan gbogbo iná, màá ní kí wọ́n wá wo ẹ̀yìn. Àwọn kan ní kí n má tú àṣírí. Mi ò gbà. Látìgbà tí mo ti ń tú u làwọn ọmọ ti ń mú àbúrò wọn padà wá, kí wọ́n lè ṣàlàyé fún wọn.

Dígí alápapọ̀ ni kí ẹ rà, irú tí wọ́n fi ń ṣe iwájú ọkọ̀, tí kì í tú ká bó bá sán. Ẹ fi irin dínà kí ọwọ́ ọmọdé má dé ibẹ̀, torí bí àmì ìka kan bá ti hàn, idán ti bà jẹ́. Lásìkò ọyẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta là ń nù ún lójúmọ́. Iná LED kì í jẹ iná púpọ̀, invẹ́tà kékeré á gbé e.

Rólà kósítà tí wẹ́dà fẹ́ rọ ńkọ́? Ẹ má dán an wò. Ní nǹkan bí ọdún 1900, àwọn tó ṣe irin tó ń yí po bí òrùka rogodo ní Coney Island, etíkun ìgbafẹ́ kan ní New York, ń fi ọrùn èrò jìyà, torí bí ọkọ̀ bá ṣe ń wọ òrùka náà ni ìwúwo ń já lu ènìyàn lójijì. Ọdún 1976 ni Werner Stengel, ẹnjiníà ará Jámánì, fa òrùka tiẹ̀ gùn bí ẹ̀kán omijé fún rólà kósítà Revolution ní ọgbà ìṣeré Magic Mountain ní Kalifọ́níà, kí ìwúwo náà lè máa gun èrò díẹ̀díẹ̀. Ìṣirò ló gbà wọ́n, wẹ́dà yín ò sì ní in.

Kí ẹ tó náwó, ẹ kọ́kọ́ fi páálí, tọ́ọ̀ṣì àti dígí fèrèsé ṣe é lórí tábìlì. Mark Sumner, ẹnjiníà tó ronú ẹ̀rọ Soarin' tí Disney ṣí lọ́dún 2001, tó ń gbé èrò sókè níwájú fíìmù ńlá bíi pé wọ́n ń fò, irin ìṣeré ọmọdé àti okùn ló fi ṣe àpẹẹrẹ ẹ̀ nílé. Bí tiyín bá ti ṣiṣẹ́ lórí tábìlì, ẹ wọn yàrá tẹ́ ẹ fẹ́ lò, kí ẹ kọ gígùn, fífẹ̀ àti gíga àjà rẹ̀ síbí, màá bá yín ṣírò bí dígí ṣe máa tóbi tó.