Ẹ má gbé Azithromycin wọ wọ́ọ̀dù yẹn o

Àǹtí, ẹ ní Kòrónà gbé àbúrò yín dé ọsibítù, dókítà ò fún un ní àǹtíbáyótíìkì, pé ṣé kẹ́ ẹ ra Azithromycin ní kẹ́míìsì kẹ́ ẹ máa fún un ní kọ̀rọ̀. Ẹ má dán an wò jàre. Fáírọ́ọ̀sì ni Kòrónà, àǹtíbáyótíìkì ò rí i gbé ṣe. Wọ́n ti yẹ Azithromycin yìí gan-an wò láwọn ọsibítù ìlú Ọba, nǹkan bí 22 nínú 100 ló kú, àtẹni tó lò ó àtẹni tí ò lò ó.

Ibi tí bakitéríà, tí àǹtíbáyótíìkì ń pa, ti lè wọ àbúrò yín lára ni kẹ́ ẹ máa ṣọ́. Lọ́dún 2021, ara bàbá mi ti ń yá, ibà ti lọ, a ti ń palẹ̀ mọ́ àtilọ sílé, àfi bí ibà ṣe tún gbéra, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wọn ki, ọ́síjìn tí wọ́n ti ń dín kù, wọ́n tún fi kún un. Dókítà kan, ọmọdé ni o àmọ́ orí ẹ̀ pé, ló ní wọn ò gbọdọ̀ fún wọn lóògùn tuntun àfi tí wọ́n bá kọ́kọ́ gba kẹ̀lẹ̀bẹ̀ lọ sí láàbù fún culture, ìyẹn kí wọ́n mú kòkòrò inú ẹ̀ hù kí wọ́n lè mọ irú èyí tó jẹ́, torí tóògùn bá ti wọra, kòkòrò yẹn lè má hù ní láàbù mọ́. Bakitéríà kan tó ń jẹ́ Klebsiella ló jáde. Ceftriaxone, abẹ́rẹ́ tí gbogbo èèyàn ń sáré gún, bí omi ló rí lára ẹ̀! Meropenem, àǹtíbáyótíìkì míì, ló gbà wá, owó ẹ̀ ò ṣeé gbọ́ létí.

Inú ọsibítù náà ni bàbá mi ti kó Klebsiella yẹn. Ṣé ẹ mọ̀ pé lọ́dún 2024 Àjọ Ìlera Àgbáyé ní nǹkan bí 8 péré nínú 100 aláìsàn Kòrónà tó wà ní ọsibítù ni bakitéríà tún kọlù, síbẹ̀ nǹkan bí 75 ni wọ́n fún ní àǹtíbáyótíìkì? Ṣé oògùn ò wá ní mọ́ kòkòrò lára débi tí ò fi ní pa á mọ́?

Tí dókítà bá ní òun fẹ́ bẹ̀rẹ̀ àǹtíbáyótíìkì kí èsì láàbù tó dé torí ara àbúrò yín le, ẹ má bá a jà o, ẹ ṣáà bi í bóyá wọ́n ti gba culture. Tójú ibi tí wọ́n ki abẹ́rẹ́ dírípù sí bá wú tàbí tó pọ́n, ẹ pariwo. Tó bá sì ti lo kápúsù kankan nílé, ẹ mú páálí ẹ̀ lọ fi han dókítà lónìí.