Dúró àti dúró dè: kí ni ìlà yẹ́lò ń sọ ní Lọ́ńdọ̀nù?

Ìbéèrè: Bí èèyàn bá jókòó sínú mọ́tò rẹ̀ lórí ìlà yẹ́lò onílà méjì ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ẹ́ńjìnnì ṣì ń ṣiṣẹ́, ṣé ó ti páàkì nìyẹn?

Ìdáhùn: Ọ̀rọ̀ náà gan-an ló ń kó bá àwọn èèyàn wa. L'Ékòó, bí LASTMA bá nawọ́ sí awakọ̀ tó ní "Páàkì!", ohun tó ń wí ni pé kó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì kó dúró. Lẹ́nu àwa yòókù, ẹni tó páàkì ni ẹni tó paná ọkọ̀, tó tilẹ̀kùn, tó bá tirẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń sọ fún wọ́dà, òṣìṣẹ́ tó ń kọ tíkẹ́ẹ̀tì fún ọkọ̀, pé, "Mi ò páàkì o, ìyàwó mi ni mò ń dúró dè." Wọ́n rò pé àwọn ń gbèjà ara wọn ni, àṣé wọ́n ń jẹ́wọ́. Ìlà yẹ́lò kò mẹ́nu ba páàkì rárá. "No waiting" ló ń sọ: ọkọ̀ ò gbọdọ̀ dúró de ohunkóhun níbẹ̀. Kò kan òfin bóyá awakọ̀ wà nídìí ọkọ̀ tàbí kò sí níbẹ̀.

Òfin yọ̀ǹda ìgbà tí èrò fi máa wọ ọkọ̀ tàbí bọ́ sílẹ̀. Ìyá àgbà tó ń rọra bọ́ sílẹ̀ kò lẹ́bi. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí ẹ wá gbé kò bá tíì jáde nílé, "waiting" lẹ ń ṣe.

"Loading" ni ẹrù dídì àti jíjá. Wọ́n gbà á lórí ìlà yẹ́lò, àyàfi bí ẹ bá rí ìlà yẹ́lò kéékèèké lára òkúta etí títì: ẹyọ kan, ẹ lọ ka aago lára pátákó, méjì, ó ti di èèwọ̀ tọ̀sántòru. Ẹrù náà gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó wúwo tàbí tó tóbi, bíi fìríìjì, tàbí dúrọ́ọ̀mù tí ẹ fẹ́ fi ránṣẹ́ sílé. Ẹ sì gbọ́dọ̀ máa gbé e láìdáwọ́ dúró. Ẹni tó wọ ṣọ́ọ̀bù lọ ná iṣu ń ra ọjà ni, kò di ẹrù. Wọ́dà lè dúró ìṣẹ́jú díẹ̀ wò ó. Bí kò bá rí ẹnikẹ́ni tó ń gbé nǹkan lọ tó ń gbé nǹkan bọ̀, ó kọ tíkẹ́ẹ̀tì nìyẹn.

"Stopping" ló le jù. Lórí ìlà pupa onílà méjì, ẹ ò lè dúró rárá, ì báà ṣe láti já èrò sílẹ̀. Táksí tó ní láísẹ́ǹsì àti ọkọ̀ tó gbé ẹni tó ní Blue Badge (káàdì páàkì àwọn aláàbọ̀ ara) nìkan ló lè ṣe ìyẹn.

Ìlà yẹ́lò méjì kì í ní pátákó, nítorí pé ìgbà gbogbo ló ń ṣiṣẹ́. Ti ẹyọ kan ló ní aago. Àmọ́ ládùúgbò tí wọ́n ń pè ní Controlled Parking Zone, ẹnu ọ̀nà àdúgbò náà ni wọ́n máa ń kọ aago sí, ó sì lè máà sí pátákó kankan lẹ́bàá ìlà tí ẹ wà. Níbí gan-an ni àlejò ti ń ṣubú jù. Ẹ má sì ṣe rò pé bí ẹ bá gun ibi tí ẹlẹ́sẹ̀ ń rìn ẹ ti bọ́: òfin ìlà náà dé ibẹ̀ pẹ̀lú, yàtọ̀ sí pé láti 1974 ni òfin Lọ́ńdọ̀nù ti ka gígùn ún léèwọ̀, bó jẹ́ táyà kan péré, àyàfi níbi tí pátákó bá ti gbà á láyè.

Ẹni tó ní Blue Badge lè lo wákàtí 3 lórí ìlà yẹ́lò ní England àti Wales, yàtọ̀ sí apá kan àárín Lọ́ńdọ̀nù, bí kò bá sí èèwọ̀ "loading" níbẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ gbé aago páálí rẹ̀ síwájú, kó fi wákàtí tó dé hàn.

Bí PCN, ìyẹn tíkẹ́ẹ̀tì, bá wá dé, ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí P yẹn dúró fún. "Penalty Charge Notice" ni ti káńsù: ẹ san án láàárín ọjọ́ 14, ìdajì ni. "Parking Charge Notice" ni ti ilé iṣẹ́ aládàáni tó ń ṣọ́ ilẹ̀ onílẹ̀, bí iwájú ilé ìtajà ńlá. Gbèsè àdéhùn lásán ni, wọn ò sì lè rán agbowó ilé ẹjọ́ sí yín láìjẹ́ pé wọ́n kọ́kọ́ pè yín lẹ́jọ́, kí wọ́n sì jàre.