Èsì sí àbúrò mi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú lẹ́yìn ìdíje

Àbúrò mi, mo ka ìbéèrè rẹ lẹ́ẹ̀mejì kí n tó jókòó kọ èsì yìí. O ní ọjọ́ mẹ́rin péré ni o kúrò lórí pèpéle ìdíje àfihàn iṣan ara, pé ẹsẹ̀ rẹ wú débi pé bàtà kò gbà á mọ́, pé o ń jẹun yó tán tí ebi sì tún ń pa ọ́, o wá ń bèèrè ìgbà tí o lè padà sí jíìmù, àti bóyá kí o padà sí oúnjẹ ilé lẹ́ẹ̀kan náà tàbí díẹ̀díẹ̀. Láti Òṣogbo níbí ni èmi náà ti lọ díje lẹ́ẹ̀mejì, ní 2017 àti ní 2021. Ojú mi rí màbo ní àkọ́kọ́, òun ni mo sì fi gbọ́n nígbà kejì.

Èkó ni a ti díje ní 2017. Ogún ọ̀sẹ̀ ni mo fi múra sílẹ̀, mo sì ti kílò 66 bọ́ sí kílò 53. Olùkọ́ mi, ọkùnrin kan tí ẹnu rẹ̀ dùn ju oyin lọ nígbà tí ó ń gba owó, kọ ohun tí n ó jẹ láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́ sínú ìwé, ó ka iye ìgbà tí n ó sáré yí pápá ìṣeré po, ó sì pàṣẹ pé kí n má fi iyọ̀ kan ẹnu ní ọjọ́ mẹ́ta tó kẹ́yìn, kí omi mi má sì ju ife méjì lọ lóòjọ́. Ìwé náà dé wákàtí tí n ó gun pèpéle, ó sì parí síbẹ̀. Mo pè é láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kò gbé fóònù. Nígbà tí ó di alẹ́, ó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ pé kí n máa jẹ̀gbádùn, pé mo ti ṣiṣẹ́ fún un.

Mo sì jẹ̀gbádùn lóòótọ́. Nígbà tí ọkọ̀ wa dúró ní Ìkirè, mo ra ìdì dòdò mẹ́fà pé n ó mú márùn-ún lọ fún àwọn ará ilé, ṣùgbọ́n kí a tó dé Gbọ̀ngán, ewé lásán ló kù lọ́wọ́ mi. Ẹni tó bá mọ dòdò Ìkirè mọ̀ pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n kọjá àlà ni, pẹ̀lú epo, ata àti iyọ̀, àfi bí ẹni pé wọ́n dìídì sè é fún ara tí wọ́n ti fi nǹkan wọ̀nyí dù. Oṣù kẹjọ ni, Òṣogbo kún fún àlejò ọdún Ọ̀ṣun, kò sì sí ilé tí mo wọ̀ tí wọn kò gbé iyán síwájú mi. Èyí tó burú jù ni ti òru. Mo máa ń dìde, n ó dúró nínú òkùnkùn ilé ìdáná, n ó máa fi ọwọ́ bu gàrí àti ṣúgà sẹ́nu, ojú yóò sì máa tì mí bí ẹni tó ń jalè nínú ilé ara rẹ̀. Kí ọjọ́ mẹ́wàá tó pé, òṣùwọ̀n ti ka kílò 62, ẹsẹ̀ mi sì wú tó bẹ́ẹ̀ tí ojú ìka ń ṣẹ́kù síbi tí mo bá tẹ̀.

Mo gba ilé ìwòsàn lọ. Nọ́ọ̀sì bi mí lẹ́ẹ̀mẹta bóyá mo lóyún, ó sì ṣe bí ẹni pé irọ́ ni mo ń pa. Dókítà kò bi mí léèrè ohun tí mo jẹ, bẹ́ẹ̀ ni kò bèèrè ohun tí wọ́n fi dù mí. Nígbà tí mo ṣàlàyé pé ìdíje ni mo ti ń bọ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ta ló rán obìnrin níṣẹ́ irin gbígbé, ó sì kọ furosemide fún mi, oògùn tó ń lé omi jáde lára. Mo lò ó fún ọjọ́ mẹ́ta. Ẹsẹ̀ mi fọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n iṣan ń fà mí lóru, àyà mi ń lù kìkì, bí mo sì ti dá oògùn náà dúró ni wíwú náà padà, ó tún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi ni pé ara tí a bá fi omi àti iyọ̀ dù a máa tú họ́mọ̀nù sílẹ̀, bíi aldosterone, tí yóò di ìwọ̀nba tó kù mú ṣinṣin. Bí o bá wá gbé iyán àti ìrẹsì lé e, insulin, họ́mọ̀nù tó ń darí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, yóò gòkè, òun náà yóò sì sọ fún kíndìnrín pé kí ó má jẹ́ kí iyọ̀ lọ. Lẹ́yìn èyí, iṣan tó ti gbẹ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kó ṣúgà pamọ́, gíráàmù kan irú ṣúgà bẹ́ẹ̀ sì máa ń mú nǹkan bíi gíráàmù mẹ́ta omi dání. Omi ló pọ̀ jù nínú kílò tí o ń sunkún lé lórí ní ọ̀sẹ̀ yìí. Nítorí náà, mo bẹ̀ ọ́, má ya kẹ́míìsì lọ ra oògùn tó ń mú ni tọ̀, nítorí pé ó máa ń fọ potassium dànù pẹ̀lú omi, bẹ́ẹ̀ potassium yìí wà lára ohun tí ọkàn fi ń lù déédéé. Mu omi bí òùngbẹ bá ṣe gbẹ ọ́, jẹ iyọ̀ níwọ̀n, kí o sì gbé ẹsẹ̀ lé ìrọ̀rí bí o bá ń sùn. Láàárín ọjọ́ mẹ́sàn-án ni tèmi lọ ní 2021 láìlo oògùn kankan. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló wú tí ó sì ń dùn ọ́, tàbí tí o kò lè mí dáadáa, lọ sí ilé ìwòsàn lónìí, sọ iye ọjọ́ tí o fi sá fún omi àti oògùn yòówù tí o lò, má sì jẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀rín lé ọ jáde.

Ní ti ebi, má pe ara rẹ ní alájẹkì. Ọ̀rá ara ló ń ṣe leptin, ìránṣẹ́ tó ń sọ fún ọpọlọ pé oúnjẹ wà nílé. Bí ọ̀rá bá ti tán, ìránṣẹ́ kò ní dé, ghrelin tó ń pe ebi yóò sì máa pariwo, bí ikùn tilẹ̀ kún. Ní 1944 sí 1945, onímọ̀ sáyẹ́nsì Ancel Keys àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Minnesota ní Amẹ́ríkà dín oúnjẹ ọkùnrin 36 tí ara wọn le kù fún ọ̀sẹ̀ 24. Nígbà tí oúnjẹ padà dé, àwọn kan nínú wọn jẹun títí ikùn fi ń dùn wọ́n, síbẹ̀ wọ́n ní ebi ṣì ń pa àwọn.

Ìdí nìyí tí inú fi ń bí mi sí àwọn ọ̀mọ̀ràn orí íntánẹ́ẹ̀tì tó ní kí o máa fi 50 kálórì kún oúnjẹ rẹ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kí ọ̀rá má baà padà. 50 kálórì kò tó ẹyin sísè kan! Ẹni tó bá tẹ̀ lé wọn yóò ṣì máa febi pa ara rẹ̀ ní oṣù kẹta, òru ọjọ́ kan ni ebi náà yóò sì gba ẹ̀san. Ọ̀rá náà gbọ́dọ̀ padà, kí ó sáà má padà lọ́jọ́ mẹ́wàá bíi tèmi. Ní 2021, mo ti kọ ètò oúnjẹ ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ tó tẹ̀ lé ìdíje sílẹ̀ kí n tó lọ. Láti 1,300 kálórì, mo bọ́ sí 1,900 ní ọjọ́ kejì ìdíje, mo sì dé 2,200 kí oṣù tó pé. Ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́yin ni mo ń jẹ láàárọ̀; ìrẹsì, ẹ̀wà àti ẹja lọ́sàn-án; iyán tó tó ìkúùkù mi méjì pẹ̀lú ẹ̀fọ́ lálẹ́; ẹ̀pà àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ sì wà láàárín. Mo gbé òṣùwọ̀n oúnjẹ pamọ́, mo ń bá àwọn ará ilé jẹun lórí ìjókòó, n kò sì gbé oúnjẹ wọ yàrá. Ní Ìkirè, ìdì dòdò kan ni mo rà, mo sì jẹ ẹ́ tán láìsí ìtìjú. Mo ti kílò 54 padà sí 59 láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Ní ti èròjà amúaradàgbà, o mọ èyí, má dín in kù.

Obìnrin ni ọ́, nítorí náà mo gbọ́dọ̀ sọ èyí. Oṣù mẹ́sàn-án ni nǹkan oṣù mi kò fi wá lẹ́yìn ti 2017, nítorí pé ọpọlọ a máa dá iṣẹ́ ilé ẹyin dúró bí oúnjẹ kò bá tó. Má ka èyí sí ìfètòsọ́mọbíbí o, nítorí ẹyin lè jáde kí nǹkan oṣù àkọ́kọ́ tó yọjú. Ọ̀rẹ́ mi kan fi oyún mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé pé jíìmù ni o kọ́kọ́ bèèrè. Ní 2017, mo padà ní ọjọ́ karùn-ún, mo gbé ìwọ̀n irin tí mo ń gbé kí n tó fọn, èjìká mi sì dùn mí fún oṣù mẹ́rin. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2013 lórí ọkùnrin kan tó ń díje bíi tiwa láìlo oògùn tó ń mú iṣan wú, ọkàn rẹ̀ ti wálẹ̀ dé 27 lílù ní ìṣẹ́jú kan nígbà ìmúrasílẹ̀, agbára rẹ̀ kò sì tíì padà tán ní oṣù mẹ́fà lẹ́yìn ìdíje. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, rìn lásán. Ọ̀sẹ̀ kejì, lọ lẹ́ẹ̀mẹta, kí irin àti iye ìgbà tí o ń gbé e jẹ́ ìlàjì ti tẹ́lẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kẹrin ni kí o tó máa fi kún un. Dín eré sísá kù sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, má sì fi san gbèsè iyán tí o jẹ lánàá. Àwọn ará jíìmù yóò bi ọ́ pé kí ló dé tí irin rẹ fi kéré báyìí; sọ fún wọn pé ọ̀sẹ̀ kejì ni o wà.